Búrẹ́dì Mẹ́jọ fún Ìpín Kan

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Oníbéèrè ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Èmi náà wà. Orúnkún mi ṣì ń kùn bíi pọ́ǹpù tí wọn ò fi gíríìsì sí, àmọ́ ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ní kó gbé mi dé. Owó oṣù tó kọjá wọlé, ó pé. O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún délẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíró. O rántí òfin tí ìyá rẹ ṣe fún wa lẹ́yìn ìjà ọdún àkọ́kọ́ tí o dé ọ̀hún: lórí fóònù, ká kí ara wa, ká rẹ́rìn-ín, tó bá ti di ọ̀rọ̀ owó, inú lẹ́tà ni. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe lè fi bíró pariwo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti fi bíró pariwo, mi ò tíì rí i ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ epo ṣe ìpàdé. Alága wa gbé ìwé ìròyìn ọdún ilé-iṣẹ́ náà wá, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó kí gbogbo wa lè rí i. Ìpín ìdókòwò kan ṣoṣo pa ogójì lérè lọ́dún tó kọjá. Ogójì! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọgọ́jọ péré ni wọ́n ń ta ìpín náà. Fi ogójì pín ọgọ́jọ, mẹ́rin ni. Ìyẹn ni pé láàárín ọdún mẹ́rin, owó ẹni ti padà wálé, gbogbo ohun tó bá wọlé lẹ́yìn náà, èrè ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣí fáàfù rẹ̀ tí mo sì fi ọwọ́ ara mi tì í fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n fi ń pè mí ní Ọ̀gá Páìpù, òun ni wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lójú mi báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Oníbúlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń fojú sí ilé wa tipẹ́. Ó fẹ́ wó o, kó máa sá búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Iye tó dárúkọ dára, ó sì ní òun á san án lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí oṣù Kẹrin. Màá tà á fún un, màá fi gbogbo owó náà ra ìpín. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé Alága tí mo lè máa gbé. Èmi nìkan, kí ni mò ń fi yàrá mẹ́rin ṣe?

Iṣẹ́ rẹ ni kí ẹ máa díwọ̀n ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó fi owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó ra ìpín níbẹ̀. Bá mi wò ó. Kì í ṣe àṣẹ ni mò ń gbà o. Mo kàn fẹ́ kí o rí i pé bàbá rẹ náà mọ ìṣirò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀gá Páìpù


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Lẹ́tà yín dé lónìí, mo sì ń dáhùn rẹ̀ lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń da kọfí ní ibi iṣẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kó di ọ̀la.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tà á. Ìpín yẹn kì í ṣe pọ́ọ́kú, ó wọ́n gan-an ni. Èrè ọdún kan ṣoṣo kọ́ la fi ń díwọ̀n ilé-iṣẹ́ epo. Ọdún mẹ́wàá la máa ń kó jọ, a ó sì yọ ọ̀wọ́n gógó ọjà kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé iye owó ọjà tí ìjọba ń gbé jáde, ká tó mọ ohun tó ń pa ní tòótọ́. Alága yín kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀wẹ̀, ilé yẹn, ilé gbogbo wa ni. Kò yẹ kí ẹ ti bá oníbúlọ́ọ̀kù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá mi sọ ọ́.

Wọ́n ti ń pè mí. Màá kọ̀wé sí i.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì pẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kíní lọ, torí mò ń wá ibi tí o ti sọ fún mi pé o gbọ́ ohun tí mo sọ. Mi ò rí i.

O ní ilé gbogbo wa ni. Ó dáa. Èmi pẹ̀lú ìyá rẹ la gbé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ìwọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ò ń fi ẹsẹ̀ tẹ sìmẹ́ǹtì tútù, àmì àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ni mo fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, sọ ọ́ kí n gbọ́. Ṣé ogún rẹ lò ń ṣọ́ ni? Mi ò tíì kú o.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ lórí fóònù, òfin ibáà má sí. Ní gbogbo ìparí oṣù, tí owó rẹ bá wọlé, mo máa ń jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dìde lọ fi ra nǹkan. Ojú máa ń tì mí. Epo tó ń gbé ọkọ̀ ìlú rìn, abẹ́ ọwọ́ mi ló ti ń kọjá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lónìí, ọmọ mi ló ń ra oògùn orúnkún mi. O ò ráhùn rí, mo mọ̀. Bí o kì í ṣe ráhùn yẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo fẹ́ kí o rí owó kó jọ fún ara rẹ, kí o lè wálé nígbà tó bá wù ọ́, kì í ṣe ìgbà tí owó bá ṣẹ́kù.

Ní ti ìwé ìjọba, jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ra nǹkan. Lọ́dún tí gbogbo nǹkan di ìlọ́po méjì, wọ́n ní ó fi díẹ̀ gòkè.

Mo ti sọ fún oníbúlọ́ọ̀kù pé ọ̀rọ̀ wa ṣì dúró.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú. Mo kọ lẹ́tà tó kọjá bí ẹni tó ń sáré lé ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi sì rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ogún ni mò ń ṣọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rí yín nínú yàrá ẹ̀yìn ilé Alága, tí ìpín náà ti já wálẹ̀, tí ilé kò sì sí mọ́ tí ẹ máa padà sí. Ohun tó yẹ kí n kọ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ kan tó dùn mí. Ẹ ní ojú ń tì yín láti gba owó mi. Ta ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi? Nígbà yẹn, ó yẹ kí ojú ti tì mí náà, kò sì tì mí, torí mo rò pé bàbá mi ni. Màá fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pẹ̀lẹ́ ohun tí mo sáré sọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ epo jù mí lọ. Lọ́dún kan iye rẹ̀ á fò sókè, ilé-iṣẹ́ á pa èrè débi tí wọ́n á fi pín agbòòrùn fún gbogbo yín. Lọ́dún mìíràn á wálẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ tún lo bàtà iṣẹ́ ọdún tó kọjá. Ẹ ò yí iṣẹ́ yín padà, pọ́ǹpù kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún agbòòrùn díwọ̀n ìpín á rò pé pọ́ọ́kú ni, ẹni tó bá sì fi ọdún bàtà díwọ̀n rẹ̀ á rò pé ó wọ́n. Àwọn méjèèjì ṣì í. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó ọdún mẹ́wàá pọ̀, kí ọdún rere àti ọdún burúkú wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, ká sì wo àròpín wọn.

Ìṣòro kan ló kù. Èrè méjì tí ìpín kan pa ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kì í ṣe méjì òní. Méjì ìgbà yẹn ra ìdajì búrẹ́dì. Méjì òní, ẹ lọ fún oníbúrẹ́dì ní ìkòríta, kó lé yín jáde. Nítorí náà ẹ ò lè to owó ọdún mẹ́wàá lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun kan tí kò yí padà.

Ẹ ní ẹ ò gba ìwé ìjọba gbọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ rántí pé gbogbo ìgbà tí owó búrẹ́dì bá yí padà, Màmá á bá oníbúrẹ́dì jà, wọ́n á dé, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ iye tuntun náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọdún rẹ̀, kí wọ́n lè rí ohun tọ́ka sí nígbà ìjà tó ń bọ̀. Ìwé ìjọba tiwa nìyẹn. Ẹni tó ń ra nǹkan ló kọ ọ́.

Mo ti kọ èrè ìpín kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kejì tó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ fi owó búrẹ́dì ọdún yẹn pín in, ẹ ó rí iye búrẹ́dì tó pa lọ́dún náà. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi iye ọdún pín in. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye búrẹ́dì tí ẹ máa fi ra ìpín kan lónìí, kí ẹ wá rí iye ọdún tó máa gbà kó tó dá a padà fún yín. Ìwé ìjọba fún èmi ní nǹkan bí ọdún méjìlá, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Tí ẹ bá ṣe é tán tí ẹ ṣì fẹ́ tà, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́.

Ọmọ yín tó ń kúnlẹ̀,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti kọ̀wé, mi ò rí èsì.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta la ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ bi mí nípa òtútù, mo bi yín nípa orúnkún. Ẹ sọ ìtàn ajá aládùúgbò fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná, ṣùgbọ́n òfin Màmá ni, mo gbé e mì. Ó dà bíi pé ẹ̀yin náà ń gbé nǹkan mì.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbọ́ òòlù lẹ́yìn yín. Òòlù lára igi, bíi pé ẹnì kan ń tú nǹkan. Mo ní, "Bàbá, kí nìyẹn?" Ẹ ní, "Kò sí nǹkan, mò ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀." Lẹ́yìn náà ẹ ní ẹ máa pè mí padà.

Ṣé wọ́n ti ń wó o ni? Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀, mo sì dúró lórí ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ibi àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Oníbéèrè mi,

Mo kí ọ kú sùúrù. Lẹ́tà rẹ tó gbẹ̀yìn bá mi nídìí ìwé yìí gan-an, inú mi sì bàjẹ́ pé mo fi ọ́ sínú ìdààmú. Kò sẹ́ni tó ń wó ilé. Èmi ni mò ń lu òòlù. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mò ń tú.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹta dé, mo kọ́kọ́ jù ú sórí àpótí aṣọ. Mo ní kí ni àwọn ọmọ yìí ń sọ, búrẹ́dì! Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Alága wá bá mi, ó ní ìpín máa tó gòkè, kí n ṣe kíá. Ó ń sọ ọ́, mò ń ronú nípa ọ̀rọ̀ agbòòrùn àti bàtà tí o sọ. Nígbà tó lọ, mo wọ ilé ìdáná.

O mọ bí ibẹ̀ ṣe ṣókùnkùn tó. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe ibi tí mò ń wò, torí mo máa ń ṣí i sílẹ̀ gbalaja ni. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sí i, pẹ́ńsù náà ti ń parẹ́, ojú mi náà sì ti ń parẹ́. Mo ní kí n kúkú tú u, kí n gbé e síta sínú oòrùn. Ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà, ó gbà mí ní ọ̀sán kan. Ìgbà yẹn lo pè.

Mo gbé e ti ara ògiri níta, mo jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú. Kò pẹ́ ni oníbúlọ́ọ̀kù rí mi, ló bá sáré wá, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u! Ẹ ò bá sì ti jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe é." Mo ní mi ò tú nǹkan kan, ìwé ni mò ń kà. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mẹ́rin, mẹ́rin, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́jọ. Àwọn ti òkè, ibi tí ojú ẹni tó dúró máa ń wà ni ìyá rẹ kọ wọ́n sí. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ọdún àìsàn yẹn ni. Mo rò pé ó ti fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì sílẹ̀ nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ó gbé àpótí lọ síbẹ̀, tó jókòó, tó tún kọ ọ́. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi pẹ́. Fún bí ọjọ́ mélòó kan, mi ò lè ṣe ìṣirò kankan.

Lẹ́yìn rẹ̀, òfo ni. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan. Mo bá lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì ní ìkòríta. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni búrẹ́dì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ dá owó padà fún mi ni?" Ṣùgbọ́n ó rántí o. Ó ní ọdún tí àkọ́bí òun lọ ilé ọkọ, mẹ́wàá ni. Ọdún tí wọ́n tún ààrò òun mọ, méjìlá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún tó kọjá, ogún, ogún náà ló sì ṣì wà. Ó wá ní, "Ìyàwó yín nìkan ló máa ń bá mi jà. Wọ́n á gbé búrẹ́dì sókè, wọ́n á fọwọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n á ní mo ti yọ nínú rẹ̀. Òótọ́ sì ni, mo máa ń yọ nínú rẹ̀."

Mo padà délé, mo mú ìwé rẹ, mo ṣe é bí o ṣe wí. Ọdún àkọ́kọ́, ìpín kan pa ìdajì búrẹ́dì. Ọdún kẹfà, ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn ni ègé kan péré. Ọdún tó kọjá, búrẹ́dì odindi méjì. Ìpín kan lónìí, búrẹ́dì mẹ́jọ. Mo ro gbogbo ìwé rẹ pọ̀, búrẹ́dì mẹ́fà ló jẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta búrẹ́dì lọ́dún kan, ó sì gbé ọdún méjìlá rẹ jáde. Mo ní, ó dáa, Oníbéèrè gbà á.

Àfi bí mo ṣe wo iye ọdún tí mo fi pín in, tí mo rí i pé mẹ́sàn-án ni. O sọ fún mi pé ọdún mẹ́wàá lẹ máa ń kó jọ. Ibo ni ọdún karùn-ún wà?

Mo mọ ọdún tí o yọ. Ọdún tí páìpù bẹ́ lábẹ́ odò ni, tí a ti gbogbo fáàfù pa fún oṣù mẹ́jọ. Èmi ni mo ti àkọ́kọ́. Ìwé ìròyìn ọdún náà wà nínú agolo mi, torí wọ́n fún mi ní ìpín díẹ̀ nígbà tí mo pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lóòrè-kóòrè. Irọ́ ni, ọmọ mi. Nígbà tí oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ, páìpù bẹ́. Nígbà tí o wà ní ìwé kẹfà, ó tún bẹ́, ìgbà yẹn ni o lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún sáà kan láìní bàtà tuntun. Ti ọdún karùn-ún yìí ni ìgbà kẹta. Láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta, bíi pé ẹnì kan ń ka kàlẹ́ńdà fún un. Páìpù ni. Ó ń gbó. Báwo ni èèyàn ṣe máa kó ọdún mẹ́wàá jọ, tó máa yọ ọdún tí páìpù bẹ́?

Ìpín kan pàdánù mẹ́fà lọ́dún náà. Búrẹ́dì sì jẹ́ mẹ́fà. Odindi búrẹ́dì kan ló lọ yẹn. Yọ ọ́ nínú mẹ́fà, ó ku márùn-ún fún ọdún mẹ́wàá, ìdajì búrẹ́dì lọ́dún kan. Nítorí náà búrẹ́dì mẹ́jọ á gba ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Tí owó mi bá padà dé, màá ti pé ọgọ́rin, màá sì máa ti inú yàrá ẹ̀yìn ilé Alága jáde lọ gbà á.

Mo ti sọ fún oníbúlọ́ọ̀kù pé mi ò tà mọ́. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ a jọ rí ọ̀nà kan. Ó máa háyà ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ mi láti máa sá búlọ́ọ̀kù. Owó náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó ra oògùn orúnkún. Láti oṣù tó ń bọ̀, má fi owó oògùn kún un mọ́. Eléyìí, àṣẹ ni.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọ̀gá Páìpù


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi, olùkọ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú òòlù.

Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni mò ń kà lọ́wọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní ìwé ìnujú, kò béèrè nǹkan kan.

Ẹ gbá mi mú lórí ọdún karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Níbi iṣẹ́ wa, tí ilé-iṣẹ́ bá ti kọ ọ́ pé nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ lóòrè-kóòrè, a máa ń yọ ọ́ láìbéèrè. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí mo bá fi ọdún náà sí i, yóò mú kí ọ̀rọ̀ mi le sí i létí yín, mo sì ti ṣẹ̀ yín ná. Mo ní kí n fi méjìlá mọ, kí n rọra. Mo rò pé mò ń ṣàánú yín. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin gan-an ṣe lọ́dún yẹn ni mo fagi lé, bíi pé ẹ ò jí láàárọ̀, ẹ ò ti fáàfù. Ẹ dárí jì mí.

Mo gbé lẹ́tà yín lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní páìpù tó bẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kì í ṣe àṣìṣe, kí a dá ọdún náà padà. Ó wò mí títí. Ó ní, "Inú ìwé wo lo ti rí i?" Mo ní kò sí nínú ìwé kankan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti fáàfù ni. A ti dá a padà. A ò ra ìpín yẹn fún àwọn arúgbó wa.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ má bàa bá mi jà lẹ́yìn ọ̀la. Ìṣirò yìí kì í ṣe aríran. Kò lè sọ ohun tí ìpín máa tà lóṣù tó ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe kó tún gòkè, kí Alága sì máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Iye tí ẹ fi ń ra nǹkan àti ohun tí nǹkan náà ń mú wá fún yín lọ́jọ́ gígùn, ìyẹn nìkan ló mọ̀.

Ní ti owó oògùn, mo gbọ́ àṣẹ. Owó oògùn yẹn, màá máa fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan títí á fi tó owó ọkọ̀ òfurufú. Mo rò pé oṣù Kejìlá ni.

Ṣé ẹ ti dá ilẹ̀kùn padà sáyè rẹ̀?

Ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Oníbéèrè mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo sì ń ka oṣù. Èmi àti oníbúlọ́ọ̀kù la jọ gbé ilẹ̀kùn padà. Ó fi gíríìsì sí ìdè rẹ̀, kò dún mọ́. Mo ní kó fi díẹ̀ sí orúnkún mi, ó ní òun ò ní ìwé àṣẹ ìyẹn.

O sọ ọ́, ó sì ṣẹ. Ìpín ti di igba ó dín méjì. Alága wá síbí lánàá láti fi hàn mí, ó ń gún bàtà mọ́lẹ̀, ó ní èmi Ọ̀gá Páìpù ni mo jókòó ti búrẹ́dì tí owó fi kọjá lọ. Mo fún un lómi tútù. Inú mi kò bàjẹ́, ó yà mí lẹ́nu pé kò bàjẹ́. Ó lo nǹkan bíi wákàtí kan lábẹ́ òrùlé yìí, kò sì ráhùn pé yàrá pọ̀ jù.

Nígbà tó lọ, mo rìn dé ìkòríta. Búrẹ́dì ti di méjìlélógún. Mo bá ìyá oníbúrẹ́dì jà díẹ̀. Mo gbé e sókè, mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n, mo ní ó ti yọ nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi bọ́ńsì kan kún un fún mi.

Mo fi orí ṣe é lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀: ìpín kan ti di búrẹ́dì mẹ́sàn-án, ọdún méjìdínlógún. Mi ò rà.

Mo délé, mo wá pẹ́ńsù. Mo ti kọ mẹ́wàá, méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ogún tẹ́lẹ̀ sábẹ́ mẹ́jọ ìyá rẹ nígbà tí ilẹ̀kùn wà níta, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ni àyè kù sí. Orúnkún mi kò lè tẹ̀ dé ibẹ̀. Mo gbé àpótí wá, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kọ méjìlélógún àti ọdún rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ mi kò dára tó ọwọ́ ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Wàá rí i tí o bá dé.

Bàbá rẹ